Mo Sọ Òdodo, Mo Gbàgbé Àánú

Nímọ́tà Àjọkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ẹ gbé ní Sheffield níbẹ̀, ìwọ àti Táófíìkì ọkọ rẹ, àti Àṣàbí ọmọ wa tí kò tíì ní eyín kan lẹ́nu tó ti ń gé gbogbo ayé níka jẹ. Màmá rẹ ní kí n kí yín. Ó ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí n má jẹ̀ẹ́ kó gùn, pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í ka ohun tó bá ti ju ojú fóònù lọ. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Òun náà ló kọ́ ẹ ní Yorùbá kíkà lórí tábìlì yìí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le níbẹ̀, òun ni kí o pè, má pè mí, torí ojú á ti máa tì mí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá lo pè. O ní, "Dádì, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan, má bínú." O kò fi "ẹ̀yin" bá mi sọ̀rọ̀ rí láti kékeré, ó sì ti mọ́ mi lára, bí o bá pè mí ní "ẹ̀yin" lónìí, màá rò pé àlejò ló wà lórí fóònù. O wá ṣàlàyé. Wàsíù, àbúrò ọkọ rẹ, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, ó sì ti fẹ́ rí iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Wọ́n ní kó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò ṣe irú ẹ̀ rí. Ìyá ọkọ rẹ wá ní kí ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà kọ ọ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ fún ọdún méjì. Nígbà tó o ń lọ́ tìkọ̀, ìyá bi ẹ́ pé ìyàwó tí kò lè fi bírò kọ ojú ìwé kan fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣé ìyàwó nìyẹn? Táófíìkì kò sọ pé kí o kọ ọ́, kò sì sọ pé kí o má kọ ọ́. Ó jáde lọ ń fọ mọ́tò.

Lẹ́yìn náà lo wá bi mí ní ohun tó mú mi kọ ìwé yìí. O ní, "Dádì, kí ni Ọlọ́hun máa fẹ́ kí n ṣe?"

Mo ní mo ti fẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́, pé màá pè ẹ́ padà. Irọ́ ni. Ọjọ́ ìsinmi mi ni. Mo jókòó ní kíṣìnì, mi ò lè gbé fóònù náà mọ́. Láti ìgbà tó o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Nímọ́tà, mi ò tíì gbọ́ kí o bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí Ọlọ́hun fẹ́. Ọdún náà ti lé ní ogún. Èmi ni mo pa ìbéèrè yẹn lẹ́nu rẹ, bí o sì ṣe bi mí lọ́jọ́ Àìkú, ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ti rìnrìn àjò tipẹ́ bá kan ilẹ̀kùn, tí onílé kò wá mọ ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹ lóhùn, kí n tó máa ròyìn. Má kọ ìwé náà. Mo bi màmá rẹ, tó ti ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tó o ti wà ní pírámárì, kò tiẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó, tí wọ́n bá sọ pé ó ti mọ̀ ọ́n, egungun ìyá oníyàá ló máa fi kọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ tán. Ọkọ rẹ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ. Ìyá ọkọ rẹ ní ẹ̀tọ́. Èmi tí mo bí ẹ, mo ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun ló ṣáájú gbogbo wa, nítorí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ kò sí ọ̀kankan nínú wa tó máa lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kó ní, "Èmi ni mo ní kó kọ ọ́."

Ìdáhùn nìyẹn. Bí mo bá fi bírò sílẹ̀ síbẹ̀, ìdajì iṣẹ́ bàbá ni mo ṣe. Ìdajì yẹn náà ni mo ṣe nígbà kan, òun ló sì sọ mí di ẹni tó ń wo fóònù láti mọ̀ bóyá ọmọ òun máa pè.

O rántí Ọ́ńkù Gàní. Gàníyù, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọ̀dọ̀ wa níbí ní Barnfield, ní Woolwich, ló ń gbé kó tó gba yàrá tirẹ̀ ní Plumstead. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ló ń wà nígbà náà, ó ń gbé ẹrù kiri ilé onílé. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì wíwà. Kò sí iṣẹ́ àfikún tí wọ́n pè mí sí tí mi ò jẹ́. Ní ti ìrun, mo ti pa á tì. Èmi tí bàbá mi fi omi tútù ta lójú ní gbogbo àsùbáà ní Ìjẹ̀bú Òde, mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo ní Ọlọ́hun mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ọdún kan gorí ọdún kan. Ojú ń tì mí láti bẹ̀rẹ̀ padà, bí ẹni tó ti pẹ́ jù kó tó kí ará ilé rẹ̀.

Gàníyù ni kò fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, á wá, á din dòdò, á gbé ẹ jókòó sórí tábìlì, á máa kọ́ ẹ ní Fátíà. Bí o bá ka ìlà kan láìṣì í, dòdò kan. Bí o bá ṣì í, òun á jẹ ẹ́ lójú rẹ. Èmi á ti ibi iṣẹ́ dé, màá máa gbọ́ ohùn rẹ láti orí àtẹ̀gùn, ohùn kékeré tó ń sáré torí dòdò, inú mi á sì dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ẹ. Ọlọ́hun rán mi níṣẹ́, àbúrò mi ló ń bá mi jẹ́ ẹ, èmi ni mo ń gba ìyìn.

Nítorí náà, èkíní tí mo fẹ́ sọ nípa Àṣàbí nìyí: má rán ẹlòmíràn níṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ. Àáfà dára, ilé kéú dára, àwọn tó ń kọ́ ọmọ lórí fóònù náà dára. Ṣùgbọ́n ìwọ àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi nípa rẹ̀. Ọmọdé kì í ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ohun tó bá bá wa nídìí rẹ̀ ló ń ṣe. Bí o bá ti gbàgbé, kò sí àbùkù níbẹ̀. Jọ kọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀. Má ṣe bíi tèmi, má ní ó dìgbà tó o bá di ẹni rere kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà òtútù, Gàníyù kan ilẹ̀kùn wa. Kò bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ó ní òun ti fi ọkọ̀ gbá bàbá òyìnbó kan tó ń sọdá títì, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Woolwich Dockyard. Ó ní òun dúró, òun rí i nílẹ̀, òun rí àwọn èèyàn tó ń sáré bọ̀, ni ẹ̀rù bá ba òun, lòun bá lọ.

Mo ní, "Ṣé ó kú ni?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ò mọ̀?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. "Ẹ ṣàánú mi. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì dúró, ẹ mọ̀. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní mo wà lọ́dọ̀ yín látọ̀sán, pé ẹlòmíràn ló yá ọkọ̀ náà lọ. Èyí nìkan ni mo fẹ́."

Mo ní kó dìde ká jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pé màá dúró tì í. Ó sunkún, ó ní òun máa dá lọ láàárọ̀. Kò lọ. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọlọ́pàá méjì wá bá mi. Wọ́n bi mí bóyá Gàníyù wà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ìwọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ, mo rí ẹsẹ̀ rẹ. Mo ní, "Rárá. Kò sí lọ́dọ̀ mi."

Màmá wa pè mí láti Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Wọn ò kí mi.

"Múráínà, ṣé òótọ́ ni pé ẹnu rẹ lo fi gbé àbúrò rẹ lé wọn lọ́wọ́?"

"Màmá, mi ò lè purọ́. Ọlọ́hun…"

"Ọlọ́hun ọ̀hún ló kó ẹ̀yin méjèèjì sínú mi. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, Múráínà. Mo pọ̀n ọ́n, o wá láti ẹ̀yìn, o bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Wọ́n pa fóònù. Láti ọjọ́ náà wọn ò gbé ìpè mi mọ́.

Mo fẹ́ kí èyí yé ẹ dáadáa, Àjọkẹ́. Mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ fún ọlọ́pàá. Bàbá kan wà ní ọsibítù pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rún, òun náà lẹ́nìkan tó ń fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n bá bi mí lónìí, ohun kan náà ni màá sọ. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló ń dùn mí.

Ìròyìn dé mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ kan, tí mo bá wọn kí torí pé ó ti yá mi lára láti máa fara hàn, bàbá kan di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Àlájì Múráínà, irú yín ti tán nílẹ̀." Èmi tí mi ò tíì rí Mẹ́kà nínú àlá. Nímọ́tà, ọ̀rọ̀ náà dùn lára mi ju oyin lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Mo ra fìlà tuntun. Mo gbé òdodo tí mo sọ wọ̀ bí agbádá, mo ń gbé e káàkiri Woolwich kí wọ́n lè máa rí i.

Wọ́n ju Gàníyù sẹ́wọ̀n. Ó lo ọdún kan ó lé, ó sì jẹ́ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní Thamesmead West níbí ni wọ́n fi í sí. Bọ́ọ̀sì tí mò ń wà nígbà náà, ojú títì yẹn ló ń gbà kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, màá dúró ní ibùdó náà, àwọn obìnrin á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti kẹ̀kẹ́ ọmọ, àwọn ìyá arúgbó á máa bi mí pé apá ibo ni ilẹ̀kùn àlejò wà, màá fi ọwọ́ júwe fún wọn. Màá ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, màá lọ. Mi ò yà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Màmá rẹ lọ, ó dé, ó ní Gàníyù béèrè wa. Mo ní kó má sọ ọ́ létí mi mọ́. Mo ní ẹni tó rú òfin, kó jìyà òfin. Mo rò pé Ọlọ́hun ni mò ń gbè lẹ́yìn.

Ní Sátidé kan, èmi àti ìwọ jọ wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹlòmíràn ló ń wà á. A kọjá níbẹ̀. O fi ìka kan gíláàsì.

"Dádì, ṣé ibẹ̀ ni Ọ́ńkù Gàní wà?"

"Ibẹ̀ ni."

"Ṣé Ọlọ́hun ló ní ká má lọ wò ó?"

Mo ní, "Dákẹ́ ẹnu ẹ." Èèyàn pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn lo dákẹ́ sí Ọlọ́hun. Bí wọ́n bá pè ẹ́ síbi ìrun, inú ń run ẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o ka Fátíà, o ti gbàgbé. Mo pariwo mọ́ ẹ, mo pè ẹ́ ní olóríkunkun. Mi ò mọ̀ pé o kàn ti fara balẹ̀ wo Ọlọ́hun tí bàbá rẹ ń sìn ni, o sì rí i pé kò lójú àánú.

Ìkejì nìyẹn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù, bó ò bá rí ohun mìíràn mú nínú ìwé yìí. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Fífi Ọlọ́hun ṣáájú ẹbí kò ní ká fi ẹbí jù nù. Bí o bá ti sọ fún Wàsíù pé o ò ní kọ irọ́, lọ́jọ́ yẹn náà ni kí o jókòó tì í, kí ẹ jọ kọ òótọ́. Ó sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Àṣàbí pé òun lòun tọ́jú ìyá bàbá wọn títí wọ́n fi kú. Ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀. Bá a wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Jẹ́ kó máa jẹun lọ́dọ̀ yín títí nǹkan á fi dúró. Kí o sì pe ìyá ọkọ rẹ kí ẹlòmíràn tó pè wọ́n. Fi "ẹ̀yin" bá wọn sọ̀rọ̀ o! Sọ pé, "Màmá, ẹ má bínú, mi ò lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ yín sílẹ̀." Bí wọ́n bá bú ẹ, gbà á. Bí wọ́n bá pa fóònù, tún wọn pè lọ́la. Má jẹ̀ẹ́ kó di oṣù kan. Mo mọ bí oṣù kan ṣe ń di ọdún.

Ó ku ohun kan tí o ò mọ̀.

Màmá rẹ ló bi mí lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń ṣa ìrẹsì, pé, "Ìwọ olódodo yìí, ṣé o ti lọ kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló ń lọ tọ́jú bàbá tí Gàníyù fi ọkọ̀ gbá. Ọ̀rẹ́ náà bi bàbá bóyá wọ́n fẹ́ rí wa, wọ́n ní ká máa bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo máa lọ, màmá rẹ wà níbi iṣẹ́, lo bá tẹ̀ lé mi. O rántí bàbá òyìnbó kan ní Woolwich Dockyard, tó ń sin ẹyẹ kékeré méjì nínú àgò, tó fún ẹ ní bisikíìtì? O béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà ta ni, mo ní ẹni tá a jọ ṣiṣẹ́ rí ni. Òun ni.

Irin ni bàbá náà ń dì mú kí wọ́n tó lè rìn. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ti kọ́ ohun tí màá sọ láti ilé, bí ìjọba ṣe ṣèdájọ́, bí mo ṣe sọ òótọ́. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní, "Báwo ni àbúrò rẹ?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"O ò mọ̀?" Wọ́n fọwọ́ júwe fèrèsé. "Kò mà jìnnà. Mò ń rí bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ láti ibí."

Mo ní, "Èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì náà, sà."

Wọ́n na páálí bisikíìtì sí ẹ, wọ́n ní kí o mú ọ̀kan sí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó yẹn pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n. Gàníyù jáde sí gbọ̀ngàn àlejò. Ó ti rù. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àwọn wọ́dà ní kó jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ́."

Òun ló sọ̀rọ̀ lórúkọ àwa méjèèjì. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mo mọ̀. Mi ò bínú sí i. Ìgbà tí ẹ ò wá ni mo wá ń rò ó pé bóyá Ọlọ́hun gan-an ò fẹ́ rí mi mọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó rẹ́rìn-ín. "Nímọ́tà wa ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ka Fátíà?"

Mo ní, "Ó ń kà á. Ó tiẹ̀ ti kọjá ibẹ̀."

Ojú rẹ̀ tàn bí ọjọ́ ọdún.

Irọ́ tí mo kọ̀ láti pa fún ọlọ́pàá nítorí àbúrò mi, mo pa irú rẹ̀ fún àbúrò mi nítorí ìtìjú ara mi. Mo ti ibẹ̀ dé ilé, mo ní kí o ka Fátíà fún mi kí irọ́ náà lè di òótọ́. O ní, "Mo ti gbàgbé, Dádì." O ò bínú. O kàn sọ ọ́ ni. Ká ní mo jókòó lọ́jọ́ yẹn! Ká ní mo din dòdò, kí n ní, "Jẹ́ ká jọ bẹ̀rẹ̀." Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà fún mi nírọ̀lẹ́. Mo wo aago, mo mú jákẹ́ẹ̀tì mi. Mo rò pé àyè ṣì wà. O wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, o kó lọ, o fẹ́ ọkọ, o bímọ. Títí dòní, ní Sátidé, bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn wa, mo máa ń dúró níbi kọ́nà kejì láti gbọ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ aládùúgbò ni mo ń gbọ́.

Nígbà tí wọ́n tú Gàníyù sílẹ̀, wọ́n dá a padà sílé, sí Ìjẹ̀bú Òde. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí Màmá wa fi jáde láyé. O mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn. Kí n tó gbọ́, nígbà ìsinmi, nínú yàrá àwọn awakọ̀, wọ́n ti sin wọ́n. Gàníyù ló ṣíwájú ìrun lórí wọn, ní ipò èmi àkọ́bí. Mo bi í lórí fóònù bóyá wọ́n dárúkọ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa tọrọ àforíjìn fún wọn." Mo mọ ohun tí kò fẹ́ sọ. Mo ń gbé e dání títí dòní, kò sí ibi tí mo lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.

Èyí sì ni mo fi ń bẹ ẹ́. Bí èmi bàbá rẹ bá wí ohun tí Ọlọ́hun kò fẹ́ lọ́jọ́ kan, bí ọjọ́ ogbó bá mú mi sọ̀sọkúsọ, má tẹ̀ lé mi. Ọlọ́hun ṣáájú mi. Ṣùgbọ́n wá wò mí. Má fi ìgbà tí mi ò wo àbúrò mi ṣe àwòkọ́ṣe.

Mi ò mọ èwo ni ìkẹta, èwo ni ìkẹrin mọ́. Má fi Ọlọ́hun dẹ́rù ba Àṣàbí. Bó bá bi ẹ́ ní ìbéèrè nínú bọ́ọ̀sì, dá a lóhùn nínú bọ́ọ̀sì. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Àṣẹ òbí kò ní tán torí rẹ̀. Èmi tó yẹ kí n ti ṣe é láti ogún ọdún, mò ń ṣe é nísinsìnyí: Nímọ́tà, dárí jì mí. Mo pe Ọlọ́hun ní ohun tí kì í ṣe lójú rẹ. Kì í ṣe Ọlọ́hun ló ní ká má lọ wo Gàníyù. Èmi ni. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ ọjọ́ náà nìyẹn.

Lánàá mo pe Gàníyù, mo jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa fún un nínú ọgbà yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò mọ irọ́ í pa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, mo gbà á bẹ́ẹ̀, torí mo nílò rẹ̀." Ó wá tọrọ nọ́ńbà rẹ. Ó ní òun fẹ́ kí ẹ kú ewu ọmọ. Mo fún un. Bí o bá rí nọ́ńbà Nàìjíríà kan tí o ò mọ̀, gbé e.

Èmi àti màmá rẹ ń bọ̀ wá sí Sheffield lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Bí àkókò ìrun bá tó, màá béèrè lọ́wọ́ Táófíìkì apá ibi tí mo lè dojú kọ nínú pálọ̀ yín. Mi ò ní pè ẹ́. Mi ò ní wẹ̀yìn wò bóyá o wà níbẹ̀. Bí o bá wá dúró, dúró. Bí o bá wà ní kíṣìnì, bí mo bá kírun tán màá wá bá ẹ níbẹ̀, màá bá ẹ gbé ọmọ, a ó jọ sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ọmọ rẹ rí i nínú rẹ ohun tí o ò rí nínú mi. Kó má jẹ̀ẹ́ kí ilé rẹ yàn láàárín òdodo àti àánú. Àmín.

Èmi bàbá rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Múráínà